ÈTÒ ṢÁÁJÚ PÀṢÁN: Bí Olùkọ́ Mùsùlùmí Ṣe Lè Mú Kí Kíláàsì Rẹ̀ Tòrò

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ilé-kéú sọ, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀)



 



Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí olùkọ́ ṣe lè mú kí kíláàsì rẹ̀ tòrò, kí iṣẹ́ ojúmọ́ sì máa lọ létòlétò, pàápàá láàárín àwọn ọmọ kéékèèké tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín mẹ́fà sí méjìlá. Ẹlòmíràn lè wò ó pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Yóò ní, Kí ló kù nínú rẹ̀ ju pé kí olùkọ́ mú pàṣán dání? Ìdí nìyẹn gan-an tí ó fi yẹ kí a sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín mú lọ sílé kò ju gbólóhùn kan lọ: ètò ni í mú kíláàsì tòrò, kì í ṣe pàṣán. Olùkọ́ tí ó bá ti to ọjọ́ rẹ̀ dáradára kí ọmọ tó wọlé, yóò máa wá ìdí tí yóò fi na ọmọ tì.

ÌDÍ TÍ A FI KỌ́ ILÉ-ÌWÉ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ayé àwọn baba wa, ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá wà. Bàbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, bí ó bá fi ọmọ rẹ̀ sí ibẹ̀, ẹ̀rù a máa bà á pé Músá ni yóò wọlé, Moses ni yóò jáde. Bí kò bá sì fi í sí i, ọmọ náà yóò dàgbà láìmọ̀wé nínú ayé tí ìwé ti di àkàbà ipò. Nítorí èyí ni àwọn Mùsùlùmí fi pa ọwọ́ pọ̀ láti kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Ní ọdún 1923 ni a dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn náà sì gbé iṣẹ́ yìí ṣe. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lé ní 800,000.

Ní ti ìmọ̀ Lárúbáwá, ọdún 1952 ni Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ ni àwọn àáfà tí ó jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí ó sọ di àṣà: ọmọ kéú wọ kíláàsì, ó jókòó sórí àga, pátákó wà níwájú rẹ̀, ìwé ètò iṣẹ́ wà lára ògiri, ìdánwò wà ní ìparí, ìwé ẹ̀rí sì tẹ̀lé e. Àgbà àáfà yẹn mọ̀ pé bí ìmọ̀ bá tilẹ̀ pọ̀ tó, bí kò bá ní ètò, yóò dà bí omi tí a dà sínú apẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìyá wa fi owó ọjà tó, àwọn bàbá wa fi owó oko àti ti iṣẹ́ ọwọ́ kún un, kí ògiri wọ̀nyí tó dúró. Kí wá ni èrè ilé tí a kọ́ bí ọmọ bá ń sá fún un? Ẹ lọ bá àwọn àgbàlagbà tí wọn kò lè ka Àlùkùránì lónìí, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ óò rí ẹni tí yóò sọ pé òun bẹ̀rẹ̀ kéú, ṣùgbọ́n ẹgba Àáfà ni ó lé òun jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, fídíò àwọn ọmọ ilé-kéú kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n ń nà bí ẹni ń na ẹran, tàn kárí Nàìjíríà. Lóòótọ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa Ìsìláàmù tẹ́lẹ̀, ohun tí ó rí lọ́jọ́ yẹn ni pé pàṣán ni ẹ̀sìn wa fi ń kọ́ ọmọ. Olùkọ́ tí ó bá gbé ẹgba sókè ní kíláàsì, kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni ó nà. Ó na orúkọ ẹ̀sìn pẹ̀lú rẹ̀.

ÌRUN NI OLÙKỌ́ ÈTÒ

Yorùbá ní, kékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Ẹ fetí sí òwe náà dáadáa. Kò sọ pé kékeré ni Ìmàle ti ń na ọmọ rẹ̀. Kíkọ́ ni ó wí. Àwọn aládùúgbò wa wò wá, wọ́n rí ọmọ kékeré tí ó lóṣòó ti kẹ́tù bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni ó ń rí i, tí ara rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Àṣà kò wọ inú ara lọ́jọ́ kan.

Ẹ tún wo ìrun. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè pé sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, olówó àti tálákà, ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù, láìsí ọlọ́pàá láàárín wọn. Bí Lèmọ́mù bá gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn yóò tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni àṣírí rẹ̀? Àkọ́kọ́, àkókò rẹ̀ kì í yẹ̀. Èkejì, Ládàánì a máa pè wọ́n ṣáájú, kò sí ẹni tí a já lù lójijì. Ẹ̀kẹta, ibi tí olúkúlùkù yóò dúró ti hàn nínú sáfù. Ẹ̀kẹrin, ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà níwájú, òun gan-an sì ń ṣe ohun tí ó ń sọ pé kí wọ́n ṣe. Ẹ̀karùn-ún, gbogbo wọn ni ó mọ ohun tí ó kàn. Níbi tí ènìyàn bá ti mọ ohun tí ó kàn, ariwo kì í rí àyè gbà.

Bí ẹ bá mú nǹkan márùn-ún wọ̀nyí wọ kíláàsì, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ẹ óò rí i pé ibẹ̀ ni wàhálà ti ń yọ wọlé.

BÍ ỌJỌ́ ṢE YẸ KÍ Ó LỌ

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ kan, kí a rìn ín já láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí a ó jáde.

Olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ dé. Kí pátákó ti mọ́, kí ọjọ́ òní àti iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti wà lójú rẹ̀, kí ṣọ́ọ̀kì ti wà ní àyè rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń sáré wọlé lẹ́yìn ọmọ, tí ó ń wá ṣọ́ọ̀kì kiri nígbà tí ọgọ́ta ọmọ ń wò ó, òun fúnra rẹ̀ ni ó dá ariwo sílẹ̀. Kò yẹ kí ó na ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí i ní sàlámà, kí òun náà dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ní ẹnu ọ̀nà yìí ni ẹ óò ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, èyí tí kò jẹun, èyí tí bàtà rẹ̀ já, èyí tí ó sunkún láti ilé. Ọmọ tí ó ru ìbànújẹ́ wá láti ilé, bí a kò bá rí i ní ẹnu ọ̀nà, a óò rí i nínú ìjà kí agogo mẹ́wàá tó lù.

Kí iṣẹ́ ti dúró de ọmọ lórí pátákó: ìṣirò mẹ́ta láti inú iṣẹ́ àná, tàbí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí yóò dà kọ, tàbí ní ilé-kéú, ìlà kan tí yóò kọ sí wàláà. Bí ọmọ bá ti jókòó, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é ni olùkọ́ yóò wo ìjókòó wọn, tí yóò sì fi ojú kọ orúkọ sílẹ̀, láì máa pe orúkọ ọgọ́ta ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi gbóná.

Ẹ ní àmì kan fún ìdákẹ́jẹ́, kí ẹ má sì yí i padà. Kí olùkọ́ na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ọmọ tí ó bá rí i yóò na tirẹ̀, yóò sì pa ẹnu mọ́. Kí olùkọ́ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ kan títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dákẹ́. Olùkọ́ tí ó bá ń kígbe pé kí wọ́n dákẹ́ ariwo ni ó ń pariwo jù nínú kíláàsì. Nínú ìmọ̀ràn tí Luqman fún ọmọ rẹ̀, bí a ti kà á nínú Súúrà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, rírẹ ohùn sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kan olùkọ́ kí ó tó kan ọmọ.

Ibi tí kíláàsì ti máa ń dàrú jù lọ ni àárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Ìṣirò ti parí, Yorùbá kò tíì bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ gbogbo ọmọ ṣófo. Kí olùkọ́ tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni mira, kí ó sọ ohun mẹ́ta: ohun tí a ó kó pamọ́, ohun tí a ó mú jáde, àti ìgbà tí a ó parí rẹ̀. Kí ọmọ kan ní ìlà kọ̀ọ̀kan máa pín ìwé, kí ó sì máa gbà á padà, dípò kí ọgọ́ta ọmọ dìde lọ sí orí tábìlì kan. Ẹ fi pẹ́ńsùlù díẹ̀ tí a ti gbẹ́ sínú agolo kan; ẹni tí tirẹ̀ bá kán yóò fi í síbẹ̀, yóò mú òmíràn, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ so pákó pẹlẹbẹ kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà; ẹni tí ó fẹ́ lọ tọ̀ yóò mú un lọ, yóò sì dá a padà. Bí pákó kò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan wà níta nìyẹn. Nǹkan kékeré nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn ni í jẹ àkókò olùkọ́ bí ikán ti í jẹ igi.

Ẹ wo àlùwàlá ìrun Àílà. Ẹ̀rọ omi kan, ọgọ́rùn-ún ọmọ: ibẹ̀ ni a ti ń tì ara wa, ibẹ̀ ni aṣọ ti ń rin, ibẹ̀ náà ni Àáfà ti ń gbé pàṣán. Àbí kò yẹ kí a tijú pé ẹnu ọ̀nà ìjọ́sìn ni ọmọ wa ti ń jẹgba? Ẹ bu omi sínú kẹ́tù ṣáájú, kẹ́tù kan fún ọmọ mẹ́rin. Kí ìlà kan jáde, kí àwọn yòókù máa ka ohun tí wọ́n há sórí. Kí ìlà èkejì má ṣe dìde títí ti àkọ́kọ́ yóò fi jókòó sínú sáfù. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ kò ní nílò láti sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ìparí, ẹ má jẹ́ kí agogo bá yín lójijì. Kí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ dáwọ́ dúró. Kí wọ́n gbá ilẹ̀, kí wọ́n to àga, kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sọ ohun tí wọ́n kọ́ lónìí, kí a ṣe àdúà, kí wọ́n sì jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìjáde tí ó ní ètò ni í mú kí ọmọ fẹ́ láti padà wá lọ́la.

FI HÀN ÁN, KÍ O SÌ JẸ́ KÍ Ó TÚN UN ṢE

Ẹ lè sọ pé, A ti sọ fún wọn, wọn kò gbọ́. Sísọ yàtọ̀ sí kíkọ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fi ẹnu nìkan kọ́ àwọn Sàhábé rẹ̀ ní ìrun. Ó gun orí mínbárì ní ọjọ́ kan, ó kírun níbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sọ̀ kalẹ̀ láti forí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé fún wọn pé torí kí wọ́n lè kọ́ ọ ni òun ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan sì tún wọ mọ́ṣáláṣí, ó fi ìkánjú kírun. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí ó padà lọ tún un kí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó dá a padà. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ pé òun kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bú u, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀kọ́ olùkọ́ wà nínú èyí. Bí àwọn ọmọ bá fi ariwo wọ kíláàsì, ẹ rọra dá wọn padà sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tún wọlé. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú sáà kọ́ wọn ní bí a ti ń wọlé, bí a ti ń jókòó, bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀, bí a ti ń pín ìwé. Olùkọ́ tí ó bá ń kánjú láti ṣí ìwé ní ọjọ́ kìíní yóò fi gbogbo sáà bá ariwo jà.

Àṣẹ kíláàsì kò gbọdọ̀ pọ̀. Mẹ́rin tó: A ó máa dé ní àkókò. A ó máa fetí sílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ wa àti ẹnu wa kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. A ó máa tọ́jú ohun ìní wa àti ti ẹlòmíràn. Kò sí ọmọ Mùsùlùmí tí kò ní rí ẹ̀sìn rẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ọmọ ṣe, ju ohun tí ẹ kò fẹ́ lọ. Nígbà tí Umar ọmọ Abu Salamah wà ní ọmọdé, tí ọwọ́ rẹ̀ ń káàkiri inú àwo oúnjẹ, nǹkan mẹ́ta ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ fún un: kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó sì jẹ nínú ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Kò pè é ní wọ̀bìà. Ọmọ náà dàgbà tán, ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń jẹun bẹ́ẹ̀.

BÍ ÀṢÌṢE BÁ ṢẸLẸ̀

Bí ètò ti wù kí ó dára tó, ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Kí olùkọ́ ní àtẹ̀gùn tí yóò máa gùn, kí ó má ṣe fò sí òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó kọ́kọ́ fi ojú bá a wí. Bí ojú kò bá tó, kí ó rìn lọ dúró tì í, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí èyí kò bá tó, kí ó dárúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ó bá tún ṣe é, kí ó pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọn ó sọ ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè yí ìjókòó rẹ̀ padà, tàbí kí a dá a dúró díẹ̀ ní àkókò eré, tàbí kí ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ràn án, ẹ ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀, kì í ṣe láti fi ẹjọ́ sùn nìkan, ṣùgbọ́n láti wá ìdí.

Ìdí máa ń wà. Ọmọ tí ó ń sùn ní agogo mẹ́sàn-án lè ti kiri ọjà kí ó tó wá. Èyí tí ó ń yọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu nígbà tí a bá ń da iṣẹ́ kọ lè máà ríran dé pátákó. Èyí tí a sọ̀rọ̀ sí tí kò dáhùn, bóyá etí rẹ̀ ni ó ń dùn ún. Ẹgba kì í wo ojú, kì í wo etí, kì í sì í fi oúnjẹ sínú ikùn.

Lárúbáwá oko kan tọ̀ sínú mọ́ṣáláṣí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Àwọn ènìyàn fẹ́ dìde sí i, ó dá wọn dúró, ó jẹ́ kí ó tọ̀ tán, ó ní kí a bu omi sí i, ó sì ṣàlàyé fún un. Anas ọmọ Malik sin ín fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, ó jẹ́rìí pé kò fi ìgbà kan ṣe òṣé sí òun, kò sì bi òun pé èé ṣe tí òun fi ṣe báyìí. Ta ni nínú wa tí ó lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀sẹ̀ kan péré?

Mo mọ̀ pé kíláàsì yín kún. Ìlànà ìjọba sọ pé kí olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan má ní ju ọmọ 35 lọ. Ẹlòmíràn nínú yín ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà ni ètò fi di dandan. Ilé-kéú àtijọ́ mọ ọgbọ́n rẹ̀: ọmọ kéú àgbà a máa kọ́ kékeré. Ẹ dá wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n máa ran ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, kí iṣẹ́ olórí ẹgbẹ́ sì máa yípo. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀: kí olùkọ́ jáde, kí ó ní kí ọmọ kan kọ orúkọ àwọn aláriwo. Ọmọ tí ó ń kọ orúkọ yìí yóò kọ orúkọ ọ̀tá rẹ̀, yóò pa ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́, yóò sì gba bísíkíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. A rán ọmọ níṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́, a sì kọ́ ọ ní rìbá. Ibo ni a rò pé àwọn agbowó-ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀RỌ̀ PÀṢÁN

Àwọn kan yóò ní, Ṣé ìwọ kò mọ Hádíìsì ìrun ni? Mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí a pa ọmọ láṣẹ ìrun ní ọmọ ọdún méje, kí a sì nà án nítorí rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti méje dé mẹ́wàá jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ìrun márùn-ún ni ó wà lójúmọ́. Nínú ọdún òṣùpá tí ó jẹ́ ọjọ́ 354, ó jẹ́ 1,770. Ní ọdún mẹ́ta, ó jẹ́ 5,310. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Hádíìsì yìí gbé ẹgba, kí ó kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ó fi sùúrù pe ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni a sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà kí a tó nà án torí pé kò mọ lẹ́tà kan? Òpó ìsìn ni Hádíìsì yẹn ń sọ. Kò sọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù tí ó sọnù.

Àwọn àgbà onímọ̀ wa ti sọ ọ́ kí òyìnbó tó sọ ọ́. Ibn Sahnun ti Kairouan, tí ó kú ní ọdún 870, kọ ìwé odindi lórí ìwà olùkọ́. Ó fi òté lé ẹgba pé kí ó má ṣe kọjá mẹ́ta, ó sì kìlọ̀ pé ọmọ olówó àti ọmọ tálákà gbọ́dọ̀ dọ́gba lójú olùkọ́. Imam Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, gba olùkọ́ níyànjú pé kí ó ka ọmọ sí ọmọ bíbí inú rẹ̀, kí ó fi àbá tọ́ ọ ju ìbáwí gbangba lọ, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣeré lẹ́yìn ẹ̀kọ́, nítorí pé kíkọ́ tí kò ní ìsinmi a máa pa ọkàn ọmọ. Ibn Khaldun, tí ó kú ní 1406, sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọ tí a fi ìpá tọ́ yóò kọ́ irọ́ àti ẹ̀tàn láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgba, yóò sì di ọ̀lẹ. Mẹ́talélọ́gọ́fà ọdún kọ́. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí ó ti sọ ọ́. Ẹ wò ó: ọmọ tí ó ń bẹ̀rù pàṣán kì í sọ pé ohun kò yé òun. Yóò da ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ, yóò ní ó yé òun. Báyìí ni ó ṣe ń dé ìwé kẹfà láìmọ̀wé kà.

Òfin ilẹ̀ wa náà ti sọ tirẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí a fi ìyà tí ń tàbùkù ẹni jẹ ọmọ. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé òfin ni yóò máa kọ́ wa ní àánú tí Ànábì wa ti fi kọ́ wa.

Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ má ṣe rò pé ìkẹ́ra-bàjẹ́ ni mo ń wàásù rẹ̀. Olùkọ́ tí ó sọ̀rọ̀ lónìí tí ó yí i padà lọ́la kì í ṣe aláàánú. Ó ń dá ọmọ láàmú ni. Kí àṣẹ dúró, kí ìbáwí wà, kí ọmọ mọ̀ dájú pé bí òun bá ṣe èyí, èyí ni yóò tẹ̀lé e. Ìdánilójú ni í tọ́ ọmọ ju ìrora lọ.

Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ ILÉ-ÌWÉ ÀTI ẸGBẸ́

Gbogbo ẹrù yìí kò lè wà lórí olùkọ́ nìkan. Ọ̀gá tí agogo rẹ̀ kì í lù ní àkókò kò lè bá olùkọ́ wí pé ó pẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó ń san owó oṣù olùkọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ìbínú ilé bá di ẹgba lára ọmọ. Ẹ ra kẹ́tù, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì, ẹ tún ilé ìgbẹ́ ṣe. Ohun ètò nìwọ̀nyí. Kí olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gba ẹni tuntun sínú kíláàsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó wò bí ó ti ń ṣe é. Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ sùn ní àkókò, kí ó jí ní Àsùbáà, kí ó jẹun, kí ó sì dé kí agogo tó lù. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin olùkọ́, n kò ní kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ mú ọ̀kan: ẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ dáhùn sàlámà ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí ó bá mọ́ yín lára, ẹ fi iṣẹ́ ìwọlé kún un, lẹ́yìn náà àmì ìdákẹ́jẹ́. Kí sáà tó parí, ẹ óò rí i pé pàṣán ti kún fún eruku ní igun ògiri.

Ẹ rántí pé ọmọ wọ̀nyí ni yóò dúró sínú sáfù nígbà tí a bá ti lọ. Irú ojú tí wọ́n bá fi ń wo ìwé Ọlọ́hun, ọwọ́ wa ni wọ́n ti gbà á. Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù àti òye. Kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ tí a fi kọ́ wọn jẹ́ sàárà tí kò ní dáwọ́ dúró fún wa lẹ́yìn ikú wa. Kí Ó tọ́ àwọn ọmọ wa sọ́nà, kí Ó sì foríji àwọn tí wọ́n kọ́ wa. Àmín.